Kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn tó ń dá òṣìṣẹ́ lágara: bí a ṣe ń wá àléébù rẹ̀ rí àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo jókòó ti màmá nọ́ọ̀sì kan níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí aláìsàn tó wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Kọ̀ǹpútà wà níwájú wọn, iná wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń ṣiṣẹ́. Síbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn ni wọ́n ń kọ nǹkan sí: 150/90, 130/80, 170/100, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, pẹ̀lú lẹ́tà méjì tí wọ́n fi ń rántí orúkọ aláìsàn. Nígbà tí ọwọ́ kún, wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn páálí ìbọ̀wọ́. Ó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, tí èrò ti fúyẹ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rọ.

Mo bi wọ́n pé, "Mà, kí ló dé tí ẹ kì í kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀?" Wọ́n ní, "Ìwọ náà wá kà á." A jọ kà á. Láti orí orúkọ aláìsàn títí dé ibi tí wọ́n ń kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sí, ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n ní láti tẹ máòsì, ojú-ewé mẹ́rin ni wọ́n sì ní láti kọjá. Àwọn tó ń dúró lórí bẹ́ńṣì lé ní ọgọ́ta.

Oṣù tó ṣáájú, wọ́n ti fún màmá yìí ní ìwé ìbáwí pé àkọsílẹ̀ wọn máa ń pẹ́ dé orí ẹ̀rọ. Ìwé yẹn ń dùn mí títí di òní. Ojú-ewé ló jẹ̀bi, ènìyàn ni wọ́n bá wí. Òun ló mú mi kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì, ọmọ I.T. tàbí ọ̀gá ẹ̀ka tó mọ̀ pé ẹ̀rọ ilé ìwòsàn òun ń ni àwọn ènìyàn lára, ṣùgbọ́n tí kò mọ ibi tí yóò ti gbá a mú. Ẹni tí kò mọ kóòdù kọ lè ṣe é. Ìwé kékeré, bírò, fóònù tó ní aago àti sùúrù ti tó.

Irú ẹ̀rọ yòówù kó jẹ́, ọ̀nà kan náà ni. Ọ̀pọ̀ ibi ìtọ́jú HIV ní Nàìjíríà ń lo NMRS, ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ aláìsàn tí wọ́n kọ́ sórí òmíràn tó ń jẹ́ OpenMRS. OpenMRS yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lè tún fọ́ọ̀mù inú rẹ̀ tò. Àwọn ilé ìwòsàn àdáni sábà máa ń ra tiwọn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, èyí tó túmọ̀ sí pé lẹ́tà lẹ ó máa kọ kí wọ́n tó yí ohunkóhun padà. Mo máa dé orí ìyẹn náà.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo

Ẹni tó bá ní òun fẹ́ yẹ gbogbo ẹ̀rọ wò kò ní parí rẹ̀ láéláé. Ẹ mú iṣẹ́ kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin: fíforúkọ aláìsàn tuntun sílẹ̀, kíkọ oògùn fún ọmọdé, wíwá èsì láàbù àná, gbígba aláìsàn sí wọ́ọ̀dù lóru. Kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, tàbí èyí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣì í ṣe, ẹ̀mí lè bá a lọ. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ ó mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi kíkọ oògùn. Mi ò tíì dé ilé ìwòsàn kan tí kò sí nǹkan láti tún ṣe níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gba àṣẹ, ẹ bo àṣírí aláìsàn

Ẹ kọ ìwé sí ọ̀gá àgbà, kí ẹ sì fojú rinjú pẹ̀lú matron àti olórí rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ̀rọ lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ẹ kò ní dárúkọ òṣìṣẹ́ kankan nínú àbọ̀ yín, ẹ má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni lóòótọ́. Bí wọ́n bá fi ohun tí ẹ rí jẹ ẹnì kan níyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò tún sí ẹni tí yóò jẹ́ kí ẹ jókòó ti òun mọ́.

Òfin ìdáàbòbò détà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tó gbẹgẹ́. Nítorí náà, ẹ má ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà tí orúkọ aláìsàn gidi wà lórí rẹ̀, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹ̀ka yín. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ẹ̀rọ kan fún ìdánwò, kí ẹ sì fi orúkọ àròkọ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbèrò láti tẹ èsì rẹ̀ jáde fún aráyé, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwádìí ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ lọ jókòó, ẹ wò, ẹ panu mọ́

Ìgbésẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun náà sì ni mo kà sí jù. Wọ́n á pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè, wọ́n á bi òṣìṣẹ́ pé, "Ṣé ẹ̀rọ yìí rọrùn?" Gbogbo wa la mọ èsì rẹ̀: "Kò burú." Ọmọ Yorùbá tó bá ń bọ̀wọ̀ fún ọ tàbí tó ń fura pé ọ̀gá ló rán ọ wá, "kò burú" ni yóò sọ. Bí ẹ bá jókòó tì í fún wákàtí méjì, ẹ ó rí ohun tó wà lábẹ́ "kò burú" yẹn.

Bébà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gbogbo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ dà á kọ. Mo rí ọ̀kan rí tí wọ́n fi gègé pupa kọ "MÁ TẸ SAVE LẸ́Ẹ̀MEJÌ O". Ìdí rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá tẹ Save, kò sí àmì kankan tó fi hàn pé ẹ̀rọ ti gbọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á tún un tẹ̀, oògùn kan náà á sì wọlé sí fámásì lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé pélébé kan yẹn ti fi àléébù kan lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tó jókòó. Ẹ wo ìwé ìkọ̀wé tí wọ́n tì sábẹ́ tábìlì náà. Bí wọ́n bá ń kọ orúkọ aláìsàn sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọ̀ǹpútà, ẹ bèèrè pé kí ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀ tí wọn kì í rí lórí ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ẹni tó wọlé sórí ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, ẹni tó kọ́kọ́ dé ní aago méje ló máa fi páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣí i, gbogbo ènìyàn á sì máa lò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ má tètè bínú. Ẹ wọn àkókò tí ẹ̀rọ fi ń ti ara rẹ̀, àti iye ìṣẹ́jú tó ń gbà kí ó tó tún ṣí. Bí ó bá ń ti ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, tó sì ń gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ láti wọlé padà, kò sí nọ́ọ̀sì tí aláìsàn ogún wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí yóò máa fara dà á. Àmọ́ ohun tó ń ti ibẹ̀ jáde burú: gbogbo oògùn ọjọ́ yẹn á jókòó sórí orúkọ ẹnì kan. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò fọwọ́ kan aláìsàn náà ni wọ́n á pè.

Ẹ wo ohun tí òṣìṣẹ́ ń gbé sórí láti ojú-ewé kan dé òmíràn. Bí ìwọ̀n ọmọ bá wà lójú-ewé kìíní, tí ibi tí wọ́n ń kọ oògùn sí sì wà lójú-ewé kẹta, ẹnì kan ń rántí "kílò mẹ́sàn-án" bí ó ti ń lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan pè é láàárín kan, kí ẹ wo nọ́ńbà tó máa padà dé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ wo bóyá aláìsàn méjì ni wọ́n ṣí pa pọ̀, àti bóyá orúkọ aláìsàn hàn gbàgàdà lórí gbogbo ojú-ewé.

Ẹ dúró de ìgbà tí iná bá lọ. Láàárín kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, kí ló ṣẹlẹ̀ sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti kọ dé ìdajì? Ẹ sì lọ lóru lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ojú oorun kọ́ ni ojú ọ̀sán, nọ́ọ̀sì kan ló sì sábà máa ń wà pẹ̀lú wọ́ọ̀dù odidi.

Ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀ kò pọ̀: aago, ohun tí ó fẹ́ ṣe, ohun tí ó ṣe, ohun tí ẹ̀rọ dá a lóhùn, ohun tí ó ṣe tẹ̀lé e. Ẹ pa èrò tiyín mọ́ títí di alẹ́. Bí ó bá há, ẹ má nawọ́ sí máòsì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ ojú-ewé wò fúnra yín

Jakob Nielsen àti Rolf Molich, àwọn onímọ̀ nípa bí ẹ̀rọ ṣe ń rọrùn lò, ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1990: kí ènìyàn díẹ̀ mú àwọn ìlànà mélòó kan lọ́wọ́, kí wọ́n sì fi yẹ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan wò. Ìlànà 10 tí Nielsen tò ní 1994 ṣì ni wọ́n ń lò káàkiri. Ẹ lè ka gbogbo rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta ni kí ó ṣe é, kálukú nínú yàrá tirẹ̀, kí wọ́n tó kó ohun tí wọ́n rí jọ. Bí ẹ bá jọ jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀, tí matron bá sì ti sọ̀rọ̀, àwọn ọmọdé inú yín á kàn máa gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ ni.

Ní tèmi, àwọn ibi tí mo ti ń rí àléébù jù ní ilé ìwòsàn wa nìyí.

Orúkọ ni àkọ́kọ́. Ẹ fi orúkọ ìbejì dán ẹ̀rọ yín wò. Táíwò àti Kẹ́hìndé: orúkọ bàbá kan náà, ọjọ́ ìbí kan náà, àdírẹ́sì àti fóònù ìyá kan náà. Mo ti rí ẹ̀rọ tó kígbe pé ẹnì kan ló forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí òṣìṣẹ́ sì gbọ́ tirẹ̀, tó pa fáìlì méjèèjì pọ̀. Èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan wá di ti èkejì. Láàárín àwa tí ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa tó báyìí, ẹ̀rọ tí kò mọ ìbejì kò tíì ṣe é lò.

Ẹ wo ọmọ tuntun náà. Ọjọ́ kẹjọ là ń sọmọ lórúkọ, ẹ̀rọ sì ń béèrè orúkọ ní wákàtí tí wọ́n bí i. Gbogbo wọn á wá di "Baby Adeyemi", "Baby Adeyemi", nínú wọ́ọ̀dù kan náà. Ilé ìwòsàn Montefiore ní New York ní irú ìṣòro yìí. Dípò "Babygirl" lásán, wọ́n fi orúkọ ìyá ṣáájú, bíi "Wendysgirl". Àbọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 sọ pé àṣẹ ìtọ́jú tó ń lọ sórí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ dín kù ní nǹkan bí 36 nínú 100. Kò ṣòro fún wa rárá: "Ọmọ Fọláṣadé Adéyẹmí, obìnrin". Bí a ṣe ń pe ọmọ tí kò tíì lórúkọ nílé náà nìyẹn.

Ẹ tún wá orúkọ kan ní oríṣiríṣi ọ̀nà: Adéṣọlá, Adesola, Adeshola. Bí ẹ̀rọ kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, aláìsàn kan á ní fáìlì mẹ́ta, àìsàn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ á sì wà nínú ọ̀kan tí dókítà kò ṣí.

Ọjọ́ ìbí ló tẹ̀ lé e. Àwọn àgbàlagbà wa mìíràn mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́njú kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, wọn kò mọ ọjọ́. Ẹ̀rọ ní dandan ni ọjọ́, oṣù àti ọdún, òṣìṣẹ́ á bá kọ 1 January. Ẹ ka iye aláìsàn yín tí ọjọ́ ìbí wọn jẹ́ 1 January. Bí ó bá fi ìlọ́po ìlọ́po ju ọjọ́ yòókù lọ, ẹ ti rí ipa ẹsẹ̀ àléébù náà. OpenMRS ní àyè láti fi àmì sí i pé ọjọ́ orí yìí, ìfojúbù ni. Ẹ wò ó bóyá wọ́n ti ṣí i lọ́dọ̀ yín.

Ìwọ̀n oògùn ni ẹ̀kẹta, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù. Ní 2013, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì California ní San Francisco, ọmọkùnrin ẹni ọdún 16 kan tó wọn kílò 38.6 nílò Septra, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Hóró kan ṣoṣo, mg 160, ni dókítà fẹ́ fún un. Àmọ́ ẹ̀rọ ti fi mg 5 lọ́nà ìwọ̀n ara rẹ̀, ó rí 193. Apòògùn wá ní kí dókítà padà kọ 160 gan-an, nítorí kò sí hóró oní-193. Dókítà padà, ó tẹ 160. Nítorí pé ọmọ náà kò tó kílò 40, àpótí ìwọ̀n, ibi tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí lójú ẹ̀rọ, ti dúró fúnra rẹ̀ sórí mg/kg, ìyẹn mg fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, dókítà kò sì fura. Ẹ̀rọ fi 160 lọ́nà 38.6. Ìkìlọ̀ jáde sí dókítà, ó jáde sí apòògùn. Àwọn méjèèjì tẹ̀ ẹ́ kúrò, torí ìkìlọ̀ aláìníláárí ni wọ́n ń tẹ̀ kúrò látàárọ̀. Róbọ́ọ̀tì ka hóró 38 àti ààbọ̀ sínú àpò. Nọ́ọ̀sì rí i pé ó pọ̀, ó fi bákóòdù yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ ní ohun tí wọ́n kọ nìyẹn. Ọmọ náà gbé e mì. Gìrì mú un, ṣùgbọ́n ó yè.

Ẹ wo iye ọwọ́ tó gbà kọjá, òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ dáadáa ni wọ́n. Nítorí náà, lórí ẹ̀rọ tiyín: níbo ni mg àti mg/kg ti jókòó ti ara wọn? Èwo ló máa ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀? Ẹ tẹ ìwọ̀n tó ju ti èèyàn lọ fún aláìsàn àròkọ, kí ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ máa sọ. Ẹ ka iye ìkìlọ̀ tó jáde láàárín wákàtí kan, kí ẹ sì ka èyí tó mú kí òṣìṣẹ́ yí nǹkan padà. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ̀n ló jáde tí ẹyọ kan ṣoṣo sì wúlò, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yẹn ń kọ́ wọn láti má ka ọ̀kan náà.

Ẹ̀kẹrin ni oògùn tí orúkọ wọn jọra. Chlorpromazine, tó wà fún àìsàn ọpọlọ, àti chlorpropamide, tó wà fún ìtọ̀ ṣúgà, jókòó ti ara wọn nínú àkójọ. Bí máòsì bá yọ̀ díẹ̀, ó ti di ti ẹlòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń fi lẹ́tà ńlá kọ ibi tí wọ́n ti yàtọ̀: chlorproMAZINE, chlorproPAMIDE. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó ń tọ́jú àkójọ oògùn lè ṣe é lọ́sàn-án kan.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dán an wò pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún

Nielsen àti Thomas Landauer ṣírò rẹ̀ ní 1993 pé ẹnì kan máa ń fi nǹkan bí 31 nínú 100 àléébù hàn. Bí ènìyàn bá pé márùn-ún, ó ti súnmọ́ 85. Àmọ́ kí àwọn márùn-ún jẹ́ irú kan náà. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta, dókítà kan àti apòògùn kan kì í ṣe márùn-ún.

Ẹ kọ iṣẹ́ ìdánwò bí ìtàn, ẹ má lo ọ̀rọ̀ tó wà lórí bọ́tìnì. Bí ẹ bá ní, "Ẹ tẹ Encounter, kí ẹ yan Vitals," ẹ ti fi ọ̀nà hàn án. Ẹ sọ pé: "Ìyá arúgbó kan wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn 170/100, wọn kò mọ ọjọ́ orí wọn dájú. Ẹ kọ ọ́ kí dókítà lè rí i." Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún un kó máa sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ jáde bó ti ń ṣe é, ní èdè tó bá wù ú. Èyí ṣe pàtàkì. Nígbà tí mo ń ní kí wọ́n sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ni wọ́n ń ṣe bí ẹni ń ka ìwé. Ọjọ́ tí mo yí i sí Yorùbá ni mo gbọ́ "Níbo ló tún gbé e lọ báyìí?" àti "Ah, mo rò pé ó ti wọlé ni." Gbólóhùn méjì yẹn jẹ́ àléébù méjì tí a lè tún ṣe.

Ẹ ṣọ́ra nípa ọjọ́ orí. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ dán wò bá jù yín lọ, ẹ má ṣe é níwájú àwọn ọmọ abẹ́ wọn. Ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: "Mà, ẹ̀rọ yìí là ń dán wò o. Ibi tí ẹ bá ti há, ẹ̀rọ ló fìdí rẹmi." Bí wọ́n bá bi yín pé kí ni kí wọ́n tẹ̀, ẹ rọra dá a padà: "Kí lẹ rò pé ó máa ṣe tí ẹ bá tẹ ìyẹn, mà?"

Ẹ kọ bóyá ó parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, iye ìṣẹ́jú, àti ibi tó ti ṣì í. Àṣìṣe tí òun fúnra rẹ̀ rí tó sì tún ṣe kò bani lẹ́rù tó èyí tó ṣe tí kò mọ̀, tó rẹ́rìn-ín, tó ní òun ti parí. Ẹ fi gègé pupa yí ìyẹn ká.

Bí wọ́n bá parí, ẹ fún wọn ní ìbéèrè 10 tí John Brooke ṣe ní 1986 láti fi wọn bí ẹ̀rọ ṣe rọrùn lò tó, tí wọ́n ń pè ní SUS (System Usability Scale). Kálukú á mú nọ́ńbà láti 1 dé 5. Fún ìbéèrè 1, 3, 5, 7 àti 9, ẹ yọ 1 kúrò nínú nọ́ńbà tó mú. Fún 2, 4, 6, 8 àti 10, ẹ yọ nọ́ńbà tó mú kúrò nínú 5. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ fi lọ́nà 2.5. Ó máa bọ́ sáàárín 0 àti 100. 68 ni wọ́n kà sí agbedeméjì. Ó dà bí ohun tí a fi ń wọn ibà: ó sọ pé ara ń gbóná, kò sọ bóyá malaria ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ to àléébù náà léra

Ẹ ó ní ogójì tàbí ọgọ́ta. Ẹ fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 0, kì í ṣe àléébù, 1, ọ̀rọ̀ ojú lásán, 2, kékeré, 3, ńlá, 4, kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú. Ní ilé ìwòsàn, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: bí èyí bá ṣẹlẹ̀, ta ni yóò rí i kó tó dé ara aláìsàn? Bí èsì bá jẹ́ "kò sí ẹnìkan", 4 ni, kódà bí kò bá tíì ṣẹlẹ̀ rí. Àwọ̀ bọ́tìnì tó ń bí ọ̀gá nínú lè dúró.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ tún un ṣe

Bí ẹ bá gbé àbọ̀ yín lọ síwájú àwọn ọ̀gá, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ ni ìdálẹ́kọ̀ọ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ta kò ó. Nọ́ọ̀sì tí ẹ kọ́ lóṣù yìí lè ti wà ní Manchester kí ọdún tó yí. Gbogbo wa la mọ bí japa ṣe ń kó wọn lọ. Ẹ̀kọ́ á bá wọn wọ ọkọ̀ òfurufú. Ojú-ewé tí ẹ tún ṣe á dúró sílé de ẹni tuntun.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè dí ọ̀nà àṣìṣe náà pátápátá: kí àpótí oògùn ọmọdé má gba ìwọ̀n tó ju ti àgbàlagbà lọ láìsí apòògùn kejì. Bí kò bá ṣe é dí, ẹ jẹ́ kí ohun tó tọ́ jẹ́ ohun tó rọrùn jù láti tẹ̀. Ìkìlọ̀ ló tẹ̀ lé e, kó sì ṣọ̀wọ́n. Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ló gbẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò nílò ẹni tó ń kọ kóòdù. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ lè yí ètò àpótí padà kó bá bí nọ́ọ̀sì ṣe ń ṣiṣẹ́ mu, ó lè mú "dandan" kúrò lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, ó lè fi oògùn ogún tí ẹ ń kọ jù ṣíwájú. Ti màmá nọ́ọ̀sì yẹn, ọ̀nà àbùjá kan ni ọmọ I.T. fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú àkójọ àwọn tó ń dúró, tó gba ibẹ̀ lọ tààrà sí fọ́ọ̀mù ẹ̀jẹ̀ ríru. Mọ́kànlá di mẹ́ta. Ọ̀sán kan ló fi ṣe é. Nígbà mìíràn pàápàá, tábìlì ni àléébù: kọ̀ǹpútà kọjú sí ògiri, nọ́ọ̀sì ní láti kẹ̀yìn sí aláìsàn kó tó lè kọ̀wé. Ẹ yí tábìlì.

Bí ilé iṣẹ́ ló ni ẹ̀rọ, ẹ má kọ "ẹ̀rọ yín ń dààmú wa" sí wọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ojú-ewé oògùn ọmọdé. A tẹ 160, a retí mg, àpótí wà lórí mg/kg. Bí ẹ ṣe lè rí i fúnra yín: ẹ ṣí aláìsàn ìdánwò tó wọn kílò 20, ẹ yan oògùn kan, ẹ wo àpótí kẹta. Ewu: ìwọ̀n tó pọ̀ jù fún ọmọdé. Nọ́ńbà: 4. Ohun tí a ń béèrè: kí àpótí náà ṣófo títí ẹni tó ń kọ ọ́ yóò fi yàn." Ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ tọ́jú ẹ̀dà.

Ẹ yí nǹkan kan padà lẹ́ẹ̀kan, lórí ẹ̀dà ìdánwò kẹ́ ẹ tó dé orí ti gidi, kó má sì jẹ́ ọjọ́ Ajé. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru náà. Àwọn ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ padà lọ wò ó

Àtúnṣe lè bí àléébù tuntun. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ní Pittsburgh gbé ẹ̀rọ tuntun fún kíkọ àṣẹ ìtọ́jú wọlé. Àbọ̀ tí àwọn dókítà ibẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n gbé wá láti ilé ìwòsàn mìíràn, ikú gòkè láti 2.80 nínú 100 sí 6.57. Ṣáájú, wọ́n lè ti pèsè oògùn sílẹ̀ kí ọmọ tó dé. Ẹ̀rọ ní àfi kí ọmọ dé, kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ọmọdé kan ní Seattle lo irú ẹ̀rọ kan náà, wọ́n sì kọ ọ́ ní 2006 pé ikú kò pọ̀ sí i lọ́dọ̀ àwọn. Wọ́n ti to àṣẹ tí wọ́n ń lò jù sílẹ̀ kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ, ohun kan tó ya ilé méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé iṣẹ́ ìdánwò kan náà lọ bá irú ènìyàn kan náà. Ẹ fi iye ìṣẹ́jú àti àṣìṣe wé ti àkọ́kọ́. Ẹ tún jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá bébà tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ màmá nọ́ọ̀sì, 140/90 ń wọlé tààrà sínú ẹ̀rọ bí aláìsàn ti ń dìde. Àmọ́ nọ́ńbà kan ṣì wà lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn: 62. Mo bèèrè. Wọ́n ní ìwọ̀n aláìsàn ni, pé òṣùwọ̀n wà ní yàrá kejì, ibẹ̀ kò sì ní kọ̀ǹpútà. A bá gbé òṣùwọ̀n náà, èmi àti aláàbò ilé ìwòsàn, a gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì wọn.